Ẹ Yéé Gbé Ọ̀rọ̀ Wa Jáde
Ó ti sú mi! Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwa olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ní Abẹ́òkúta, arábìnrin kan sọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó ní ká gba òun nímọ̀ràn. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ya ọ̀rọ̀ náà ní fọ́tò lórí fóònù, wọ́n sì ti gbé e jáde. Oníbàárà ló fi fọ́tò náà han arábìnrin yìí ní ìsọ̀ àdìrẹ rẹ̀ ní Ìtòkú. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìgbà kẹta rèé lọ́dún yìí! WhatsApp ń gba ènìyàn 1,024 sínú ẹgbẹ́ kan. Ta ló mọ gbogbo wọn? Ẹ̀yin alábòójútó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn tó lè pa àṣírí mọ́. Ẹni tó wọlé lánàá, bọ́ọ̀lù ni kó máa bá wa sọ.