Ọ̀gá tó ń ta tẹ́tẹ́ lóru

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa tẹ́tẹ́, àwọn ọ̀dọ́ tó ń dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Ọ̀rọ̀ tiwọn náà le, ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í dúró síbẹ̀. Ọ̀gá ni níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó ti kọ́lé, ó ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ lásìkò, òun ni wọ́n sì ń fi ṣe alága bí ìjọ bá fẹ́ kówó jọ. Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Níwọ̀n ìgbà tí aṣọ tirẹ̀ sì dára, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè bí ó ṣe ń sùn.

Tẹ́tẹ́ kì í rùn lẹ́nu bí ọtí, kì í sì í sọ ojú di pupa. Fóònù kan àti owó inú báńkì ti tó. Bí bọ́ọ̀lù gidi bá parí, bọ́ọ̀lù tí kọ̀ǹpútà ń gbá wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì wà láàárín eré kan sí èkejì. Mo mọ ọkùnrin kan tó jẹ́ pé bí ó bá ti jókòó ti oúnjẹ, á dojú fóònù rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì, á sì tún gbé e dání lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ó tó jẹun tán. Ìyàwó rẹ̀ rò pé obìnrin ni. Lọ́jọ́ tí àṣírí tú, ó ní ì bá kúkú jẹ́ obìnrin, nítorí obìnrin ní iye tó lè ná mọ.

Bí ènìyàn bá to eré mẹ́wàá sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, tí mẹ́sàn-án wọlé tí ẹyọ kan sì gé e, ọpọlọ rẹ̀ kì í gbà pé ó pàdánù. Ohun tó ń rí ni pé èrè ti dé ẹnu ọ̀nà. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í lé owó tó ti lọ nìyẹn. Olówó oṣù ńlá ló sì lè lé e jìnnà jù, nítorí báńkì á yá a torí ipò rẹ̀, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù á yá a torí àwọn ọ̀rẹ́ tó dúró fún un, àwọn ayánilówó orí fóònù kò tilẹ̀ béèrè onídùúró. Àwọn ìkẹyìn yìí ló sábà ń tú àṣírí, torí bí ọjọ́ bá pé tí kò san, wọ́n lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni gbogbo tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù náà, látorí pásítọ̀ dórí àna.

Àjọ Ìlera Àgbáyé to bárakú tẹ́tẹ́ sí abẹ́ orí kan náà pẹ̀lú ti ọtí àti oògùn olóró nínú ìwé àkójọ àrùn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2022. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa yóò yàn kí ilé òun lọ ju kí wọ́n rí mọ́tò òun lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró ní Abẹ́òkúta lọ, nítorí wèrè nìkan la mọ̀ mọ́ Aró. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ lọ́dún 1954, ṣe ni àwọn aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé àyíká, tí ẹbí wọn sì wà pẹ̀lú wọn.

Ẹbí gan-an ni ẹjọ́ mi wà lọ́rùn wọn. Wọn á ṣèpàdé lóru, wọn á dá owó, wọn á san gbèsè, wọn á sì kìlọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ jáde. Lójú tèmi, gbèsè tí a san láìgba káàdì báńkì lọ́wọ́ rẹ̀, owó tuntun la fún un láti fi ta. Mi ò ní kí a gbé e sórí rédíò o. Ṣùgbọ́n ìyàwó gbọ́dọ̀ rí gbogbo gbèsè náà, kì í ṣe àbọ̀, owó oṣù sì gbọ́dọ̀ máa gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá títí ara rẹ̀ á fi yá. Kí àwọn olórí alájẹṣẹ́kù náà sì máa bi ọ̀gá léèrè ohun tó fẹ́ fi ẹ̀yáwó ṣe, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń bi akọ̀wé kékeré tó wá yá owó ìkómọ.