Ẹ Gbé Àga Sórí Sítéèjì fún Àgbà Olórin

Lóṣù kẹfà ọdún 2015, Dave Grohl tó ń kó bàǹdì rọ́ọ̀kì Foo Fighters ṣíwájú já bọ́ lórí sítéèjì nílùú Gothenburg ní Sweden, ẹsẹ̀ ẹ̀ kán. Ẹni ọdún 46 ni nígbà yẹn. Wọ́n di ẹsẹ̀ náà fún un, ó ní kí wọ́n gbé òun padà, ó jókòó parí ṣó alẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tó yá wọ́n kan àga gàgàrà kan fún un bí ìtẹ́ ọba, ó ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ pé akọni ọkùnrin ni. Ọdún tó tẹ̀lé e, Axl Rose, olórin bàǹdì Guns N' Roses, náà fẹsẹ̀ ṣèṣe, ó lọ yá àga yẹn gangan, ó jókòó lé e kọrin.

Ẹ wá wo Phil Collins, onílù tó tún ń kọrin. Nígbà tí tọ́ọ̀, ìyẹn ìrìn àjò orin, ìkẹyìn bàǹdì ẹ̀ Genesis parí ní London lóṣù kẹta 2022, ẹni ọdún 71 ni, ẹ̀yìn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún àti iṣan ara tó ti bàjẹ́ ò jẹ́ kó lè lùlù mọ́, ọmọ ẹ̀ Nic ló wà nídìí ìlù, òun fúnra ẹ̀ jókòó síwájú, ó ń kọrin. Irú fídíò báyìí kì í pẹ́ jáde táwọn kan á fi bẹ̀rẹ̀: kí ló tún ń wá, ṣé owó ò tíì tó o ni, kó lọ sinmi nílé jàre.

Àga náà ni àga. Ọjọ́ orí ẹni tó jókòó lé e ló yàtọ̀, ìyẹn ló sì ń dùn wá.

Ohun tí à ń bèèrè fún ò le rárá. Àgbà olórin tó bá ṣì fẹ́ kọrin, táwọn èèyàn ṣì fẹ́ sanwó gbọ́, kí wọ́n to ṣó náà bí ara ẹ̀ ṣe lè gbé e: kí àga wà, kí ọjọ́ ìsinmi gidi wà láàárín ṣó kan sí èkejì, kí wọ́n gbé kíì orin, ìyẹn ibi tí ohùn orin ga dé, wálẹ̀, kí ṣó tètè bẹ̀rẹ̀ kó sì tètè parí, kí gbogbo ẹ̀ sì wà nínú ìwé àdéhùn kí wọ́n tó ta tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Kì í ṣe pé wọ́n ń ṣàánú ẹ̀ o, ètò iṣẹ́ ni.

Wákàtí méjì tí ẹ̀yin ń rí yẹn, òun gan-an ló fúyẹ́ jù nínú tọ́ọ̀. Ẹ ò rí inú bọ́ọ̀sì lóru, níbi téèyàn ti ń sùn tí kò sùn. Ẹ ò rí inú bàálù tí atẹ́gùn ibẹ̀ gbẹ táútáú, tí ọ̀fun á gbẹ mọ́ ọn, àti àtẹ̀gùn ẹ̀yìn sítéèjì tó ga tí kò sí iná níbẹ̀, àti kéèyàn ti dé láti ọ̀sán wá yẹ màíkì wò, kó wá jókòó dúró títí di aago mẹ́wàá alẹ́ nígbà tí ara àgbà ti ń wá bẹ́ẹ̀dì, kó tó wá di pé wọ́n á pe orúkọ ẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìlú míì ló kàn.

Ẹni tó ń kọ èyí ti wà lẹ́yìn sítéèjì rí níbi tí àgbà onígìtá kan ti ń múra. Abọ́ omi gbígbóná ló ní kí wọ́n bá òun wá, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, ó ń na ìka ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn tó ti dípẹtà, atanpàkò òsì ló kẹ́yìn, ìyẹn ò sì ṣí tán. Ó nu ọwọ́, ó gbé gìtá kọ́rùn, ó lọ. Ẹnikẹ́ni ò rántí àga. Nígbà tó di orin kẹrin, ó fi ẹ̀yìn wá ọ̀nà dé ìdí àpótí ẹ̀rọ ńlá kan, ó sì jókòó sí etí ẹ̀.

Ohùn ńkọ́? Awọ tó ń gbọ̀n nínú ọ̀fun tó ń mú ohùn jáde, ó máa ń tín-ín-rín béèyàn ṣe ń dàgbà, kì í tutù bíi ti tẹ́lẹ̀, egungun ìhà náà á ti le, èémí ò ní lè kún inú bó ṣe yẹ. Orin tó sì gbayì jù nínú orin ẹ̀, ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún 24, 25 ló kọ ọ́, ibi tí ohùn ẹ̀ ga dé nígbà náà ló gbé e sí, òun náà làwọn èèyàn sì wá gbọ́ lẹ́yìn 50 ọdún. Steven Tyler, olórin bàǹdì Aerosmith, ti pé 75 nígbà tó ṣèṣe lọ́fun lóṣù kẹsàn-án 2023, ṣó mẹ́ta péré ni wọ́n tíì ṣe nínú tọ́ọ̀ ìdágbére wọn, nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ 2024 wọ́n kéde pé àwọn ò lè rìnrìn àjò orin mọ́. Torí ẹ̀ la ṣe ń sọ pé olórin tó gbé kíì wálẹ̀ ò yan ẹnikẹ́ni jẹ. Èyí tí a ò fara mọ́ ni kí wọ́n máa fi ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ látijọ́ bò ó mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì rò pé ohùn òní lòun ń gbọ́.

Etí tún wà níbẹ̀. Ariwo tó bá tó dẹ́síbẹ̀ẹ̀lì 85 (dẹ́síbẹ̀ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo), wákàtí 8 làwọn tó mọ̀ nípa etí ní kéèyàn wà nínú ẹ̀ mọ lójúmọ́, bó bá sì ti fi 3 lé sí i, àkókò yẹn á dín sí ìdajì, tó bá fi máa dé 100, ìṣẹ́jú 15 ló kù. Àwọn èèyàn yìí ti wà nínú ẹ̀ fún ogójì ọdún. Lọ́dún 2016 ni dókítà sọ fún Brian Johnson, olórin bàǹdì AC/DC, pé tí ò bá dúró, ó lè di adití pátápátá.

Àwọn kan á ní ṣebí wọn ò fipá mú u, kó jókòó sílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi Leonard Cohen, olórin ọmọ Kánádà. Ó ti ń sún mọ́ 70 nígbà tó rí i pé owó tóun tọ́jú fún ọjọ́ ogbó ti fò lọ, kóòtù dájọ́ lọ́dún 2006 pé kí mánéjà ẹ̀ tẹ́lẹ̀ san mílíọ̀nù 9 dọ́là fún un, kò rí i gbà. Ẹni ọdún 73 ló wà nígbà tó padà sójú ọ̀nà lọ́dún 2008, ó ń kọrin tó tó wákàtí mẹ́ta lálẹ́ kan, 2013 ló tó sinmi. Ẹni tó bá sì lówó gan-an, ṣé torí owó nìkan lèèyàn ṣe ń kọrin ni? Lóṣù kẹjọ 2021, àgbà olórin Amẹ́ríkà, Tony Bennett, pé 95, àìsàn Alzheimer ti ń gba ọ̀rọ̀ kúrò lórí ẹ̀, síbẹ̀ bí orin ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Radio City Music Hall ní New York, tí Lady Gaga wà pẹ̀lú ẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ orin ló padà wá.

A mọ̀ pé àwọn mọ̀lẹ́bí àti mánéjà kan wà tó ń wọ́ àgbàlagbà kiri nítorí owó. Ọ̀rọ̀ dókítà ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ti mánéjà. Tí wọ́n bá sì fagi lé ṣó torí ara rẹ̀ ẹ́, kí wọ́n dá owó padà kíá, kí ẹnikẹ́ni má bú u.

Ó ṣeé ṣe, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé kò ṣeé ṣe. Lọ́jọ́ karùn-ún oṣù keje 2025, olórin rọ́ọ̀kì Ozzy Osbourne, tí àìsàn Parkinson tó máa ń mú ara gbọ̀n ti gba ẹsẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, kọrin nílùú ìbí ẹ̀, Birmingham. Metallica àtàwọn bàǹdì míì ti ṣeré láti ọ̀sán, iṣẹ́ tó pọ̀ ti kúrò lọ́rùn ẹ̀, àga dúdú ńlá ló gbé e jáde látìsàlẹ̀ sítéèjì, orin 9 péré ló kọ. Ọjọ́ 17 lẹ́yìn ìyẹn ló kú.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbé ṣó kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí àga yẹn ti wà níbẹ̀ kí iná tó tàn, kó má di pé ìgbà tí orúnkún bá ń gbọ̀n ni ẹnì kan á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sáré wá a lẹ́yìn sítéèjì.