Màmá wo ló ni oògùn yìí?

Ọmọ Yorùbá kì í pe àgbà lórúkọ, ohun tó sì yẹ ni. Ṣùgbọ́n nínú ilé ìtọ́jú arúgbó, níbi tí obìnrin mẹ́rin ti wà nínú yàrá kan tí gbogbo wọn ń jẹ́ Màmá, tí olùtọ́jú bá gbé àwo oògùn wọlé tó ní "Màmá, ẹ gba oògùn yín", ẹni tó sún mọ́ ọn jù ló máa nawọ́.

Bí oògùn ìtọ̀ ṣúgà bíi glibenclamide bá bọ́ sẹ́nu ẹni tí kò ní àrùn náà, tàbí tí wọ́n fún ẹni tó ni ín nígbà tí ẹ̀kọ àárọ̀ ò tíì jinná, ṣúgà ara rẹ̀ á já wálẹ̀. Á máa làágùn, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á dàrú. Olùtọ́jú tí kò kọ́ṣẹ́ á ní ogbó ni. Kíndìnrín àgbàlagbà kì í sì í tètè fọ oògùn kúrò lára bíi ti ọ̀dọ́.

Àwa ọmọ náà ò mọ́wọ́ kúrò. À ń kó oògùn wá nínú nọ́ịlọ̀n dúdú láìsí páálí rẹ̀, a ní "funfun kékeré yẹn láàárọ̀, píǹkì lálẹ́". Ọjọ́ tí kẹ́míìsì bá ra ti iléeṣẹ́ mìíràn, funfun á di píǹkì.

Lọ́dún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè dín ewu ńlá tí àṣìṣe oògùn ń fà kù sí ìdajì láàárín ọdún 5. Ọdún 5 ọ̀hún ti kọjá. Ẹ jẹ́ kí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ látorí bébà: ìwé oògùn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, fọ́tò rẹ̀ lókè, kí ẹni tó fún un fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe kó máa máàkì gbogbo rẹ̀ pọ̀ lálẹ́. Kó béèrè pé "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín?" Tó bá ní "Ṣé ẹ̀yin ni Ìyá Bọ̀sẹ̀?", àgbà tí kò gbọ́ràn dáadáa mọ́ á kàn mi orí ni.

Kí wọ́n má sì lé olùtọ́jú tó bá tètè jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀. Ìṣẹ́jú tó fi ń pa á mọ́, òun ni ì bá fi fún Màmá ní omi ṣúgà mu kó tó dákú.

UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì tó wà n'Ìbàdàn, ti ní ẹ̀ka ìtọ́jú àgbàlagbà láti ọdún 2012, nítorí náà ìmọ̀ ò wọ́n wa. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ máa rán nọ́ọ̀sì àti apòògùn wọ àwọn ilé wọ̀nyí láìfi tó wọn létí, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ìwé oògùn. Ilé tí kò bá ní in kò gbọdọ̀ gba arúgbó tuntun kankan títí yóò fi ní in.