Ẹ yé sọ pé owó gbà-má-bínú ló ń parí ẹ̀

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará wa. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Kàbà, a ń dáwó fún àwọn tí ogun lé kúrò nílé, ni ẹnìkan bá ní: "Ẹ sáà fún wọn lówó àti ìrẹsì. Tí wọ́n bá ti gbà á, ọ̀rọ̀ tán." Àwọn kan ń mi orí sí i. Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ, torí irọ́ ni.

Ní 2014 tí Boko Haram gba Gwoza ní Borno, obìnrin kan sá dé ọ̀dọ̀ wa tòun tọmọ méjì. Yàrá ẹ̀yìn ni ìyá mi fún un. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ìrẹsì, ẹ̀wà àti aṣọ ti kún igun yàrá náà. Síbẹ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ń tẹ́ ẹní sí, bàtà kì í sì í kúrò lẹ́sẹ̀ ẹ̀ tó bá ń sùn. Tí ọ̀kadà bá ti pariwo níta, á ti ki àwọn ọmọ mọ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún un. Oṣù mẹ́rin gbáko, kò ṣí aṣọ tí wọ́n fi bò ó. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó gbọ́ Hausa, ló ń wá jókòó tì í nírọ̀lẹ́, tó ń gbọ́ ohun tójú ẹ̀ rí. Lálẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ bọ́ bàtà sùn, ìyá mi pè mí wá wò ó. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹyọ kan ṣoṣo nìyẹn. Ní 24 Oṣù Kejì 2003, àwọn ológun ya wọ abúlé Bogoro ní Kóńgò. ICC, ilé-ẹjọ́ àgbáyé tó ń dá ẹjọ́ ìwà ọ̀daràn ogun, dá Germain Katanga, ọ̀kan lára àwọn olórí ológun ibẹ̀, lẹ́bi lórí ẹ̀ ní 2014. Ní 2017, ilé-ẹjọ́ náà ní kí èèyàn 297 tí ìkọlù náà ṣe lọ́ṣẹ́ gba $250 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn adájọ́ fúnra wọn ló sọ pé àmì lásán lowó náà, kò lè dí gbogbo ohun tí wọ́n pàdánù. Wọ́n fi ìrànwọ́ ilé gbígbé, ẹ̀kọ́, iṣẹ́ tó ń mówó wọlé àti ìtọ́jú ọkàn tì í. Bákan náà nílé ìwòsàn Panzi ní Bukavu, ní Kóńgò yẹn náà, tí Dókítà Denis Mukwege dá sílẹ̀ ní 1999: wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fáwọn obìnrin tí ológun fipá bá lò, wọ́n ń tọ́jú ọkàn wọn, wọ́n ń bá wọn wá agbẹjọ́rò, wọ́n sì ń kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́.

Ti ìlú ńkọ́? Nígbà tí àwọn agbésùnmọ̀mí wó ibojì àwọn ẹni mímọ́ ní Timbuktu, ní Mali, ní 2012, ọwọ́ ta ni wọ́n fẹ́ ka owó lé kọ́rọ̀ tán? Àwọn mọlémọlé ìlú náà ló tún wọn mọ, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n sì parí ẹ̀ ní 2015.

Ebi kì í wọnú kọ́rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, mo gbà. Àwọn tó ń sọ pé àsìkò á wo ìyókù sàn, n kò ráyè tiwọn.

Nọ́ọ̀sì yẹn ṣì wà ní Kàbà. Ká tó ra àpò ìrẹsì mìíràn, màá ní kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ lọ bẹ̀ ẹ́.