Kì í ṣe owó olùkọ́ ni wọ́n fi kọ́ pápá ìṣeré yẹn

"Wọ́n rí owó kọ́ pápá ìṣeré, wọn ò rí owó san fún olùkọ́." Bí àwa Yorùbá bá ti péjọ ní Texas, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú tàbí níbi ìsọmọlórúkọ, tí ẹnu bá ti kan ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ọmọ, gbólóhùn yìí á jáde. Tìbínú-tìbínú ni wọ́n fi ń sọ ọ́, àwọn tó jókòó á sì máa mi orí. Mo mọ ohun tó ń bí wọn nínú. Olùkọ́ ọmọ fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún, kíláàsì kún àkúnya, bẹ́ẹ̀ iná pápá ìṣeré ń tàn yanran ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gbà gbọ́ nípa owó yẹn kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n gbé ẹjọ́ lọ síwájú ẹni tí kò lè dá a.

Ẹ jẹ́ ká mú Katy, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston, torí ọ̀pọ̀ wa ló fi ibẹ̀ ṣe ilé. Legacy Stadium tí Katy ISD (ISD ni àjọ tó ń darí ilé-ìwé ìjọba ní àdúgbò) ṣí ní 2017 gbà tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 70 dọ́là, èèyàn 12,000 ló sì lè jókòó síbẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe rí owó yẹn? Ní 2013, ISD gbé bond mílíọ̀nù 99 dọ́là síwájú aráàlú, pápá ìṣeré tuntun ló sì fẹ́ kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Aráàlú ní àwọn ò gbà. Ní 2014 wọ́n tún padà wá pẹ̀lú bond mílíọ̀nù 748 dọ́là, ilé-ìwé tuntun àti àtúnṣe pọ̀ nínú ẹ̀, pápá ìṣeré sì wà níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí aráàlú gbà.

Gbèsè ni bond. ISD lọ yá owó lójú kan, aráàlú á sì máa san án díẹ̀díẹ̀ fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú owó-orí ilé wọn. Ẹ wá wo 2013 yẹn dáadáa. Nígbà tí aráàlú kọ bond, ibo ni mílíọ̀nù 99 náà lọ? Kò lọ síbì kankan, torí kò sí níbì kankan tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó yá a, kò sí olùkọ́ tó rí kọ́bọ̀ gbà nínú ẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni owó-orí ilé tí ISD ń gbà ní Texas pín sí. Èkíní ni M&O, èyí tí wọ́n fi ń san owó oṣù, iná, omi, epo bọ́ọ̀sì àti owó ẹni tó ń gbálẹ̀. Nǹkan bíi ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ ló ń bá owó oṣù àti àjẹmọ́nú òṣìṣẹ́ lọ. Èkejì ni I&S, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì ń ṣe: sísan gbèsè bond. Ká ní ilé yín tó 300,000 dọ́là. Ìdásílẹ̀ fún ẹni tó ń gbé inú ilé rẹ̀ ti di 140,000 báyìí, ó wá ku 160,000 tí wọ́n máa gba owó-orí lé lórí. Bí M&O bá jẹ́ sẹ́ǹtì 70 lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là kọ̀ọ̀kan, tí I&S sì jẹ́ sẹ́ǹtì 40, ẹ máa san 1,120 dọ́là fún ti àkọ́kọ́, ẹ sì máa san 640 fún ti èkejì. Nínú 640 yẹn, òfin kò gba ISD láyè láti mú dọ́là kan fún olùkọ́, bí ó ti wù kí olùkọ́ wọ́n tó. Báńkì tó yá yín lówó láti fi ra ilé ò ní gbà kí ẹ fi ra oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bond rí.

Àpò míì tún wà lọ́tọ̀. Ilé ìdáná ilé-ìwé ní tiẹ̀, tí owó oúnjẹ láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ń wọ̀. Owó Title I fún ilé-ìwé tí ọmọ tálákà pọ̀ sí ní tiẹ̀, pẹ̀lú òfin tirẹ̀. Ẹni tó bá wo àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ nínú ìwé ìṣúná, tó wá pín in fún iye ọmọ, á rí iye kan tó ga gan-an, á sì pariwo olè. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ pọ̀ lórí WhatsApp.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ nílé kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí yín. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ń fún ìpínlẹ̀, tí ìpínlẹ̀ náà ní láti fi iye kan náà tì, ilé kíkọ́ ló wà fún. Owó oṣù olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń wá láti inú ìpín ìjọba ìbílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, fi lè kọ́ kíláàsì mẹ́fà tó ń dán gbinrin sí abúlé tí olùkọ́ méjì péré wà.

Ta wá ló di ẹnu àpò olùkọ́ mú ní Texas? Ilé aṣòfin ní Austin ni. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀.

Iye tí ìpínlẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan di 6,160 dọ́là ní 2019. Ibẹ̀ ló wà títí di 2025, nígbà tí owó ọjà àti owó ìbánigbófò ń gòkè lójoojúmọ́. Ní oṣù Kìíní 2023, ìpínlẹ̀ kéde pé àjẹkù bílíọ̀nù 32.7 dọ́là ń bọ̀ wá sílẹ̀. Ọdún yẹn parí, wọn ò fi dọ́là kan kún 6,160, torí gómìnà fẹ́ kí owó ìjọba máa bá ọmọ lọ sí ilé-ìwé aládàáni, àwọn aṣòfin kan sì kọ̀ jálẹ̀. Àárín ìjà yẹn ni owó oṣù olùkọ́ há sí. Ní 2025, wọ́n fi dọ́là 55 kún un, ó di 6,215, wọ́n sì ya owó míì sọ́tọ̀ fún àfikún owó oṣù olùkọ́. Dọ́là 55 lẹ́yìn ọdún mẹ́fà! Ó ń dùn mí pé n kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí níbi àpèjẹ kankan.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí owó ilé wa ti gòkè? ISD ti lówó nìyẹn." Rárá o. Bí owó ilé bá gòkè, owó-orí M&O tí àdúgbò ń pa á pọ̀ sí i, ìpínlẹ̀ á sì dín tirẹ̀ kù, kí àpapọ̀ rẹ̀ lè wà níbi tí ìṣirò sọ. ISD tí owó ilé rẹ̀ bá wá ga ju ààlà lọ, òfin 1993 ní kí ó kó àṣẹ́kù lé ìpínlẹ̀ lọ́wọ́. Austin ISD ti ń san ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù dọ́là lọ́dọọdún báyìí. Houston náà bọ́ sínú ẹ̀: ní 2016 àwọn olùdìbò ní àwọn ò san án, ní 2017 wọ́n tún dìbò lórí ẹ̀, wọ́n gbà.

Nǹkan kan wà tó wà lọ́wọ́ àwa òbí pátápátá. Iye ọmọ tó wá sí kíláàsì lójúmọ́ ni Texas fi ń sanwó, kì í ṣe iye ọmọ tí orúkọ wọn wà nínú ìwé. Lójoojúmọ́, àkókò kan wà tí wọ́n fi ń ka orí ọmọ. Ọmọ tí kò bá sí níbẹ̀ nígbà yẹn kò wọ ìṣirò. Bí a bá pín 6,215 sí nǹkan bí ọjọ́ 175 tí ilé-ìwé ń wọlé, dọ́là 35 ni ọjọ́ kan. Ọmọ méjì tí a kó lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà Kérésìmesì, tí ìdajì rẹ̀ bọ́ sínú ọjọ́ ilé-ìwé, ti mú ju 500 dọ́là kúrò nínú àpò olùkọ́ gan-an.

Ẹ̀sùn kan wà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó sì yẹ ká sọ ọ́. Bond lè kọ́ pápá ìṣeré, ṣùgbọ́n kò lè tan iná rẹ̀. Owó iná, owó omi koríko, owó ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, inú M&O ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde, ọdún dé ọdún. Ilé-ìwé tuntun náà ń bí owó oṣù ọ̀gá, akọ̀wé àti nọ́ọ̀sì tuntun. Bí bond bá sì ra bọ́ọ̀sì tuntun tàbí ẹ̀rọ amúlétutù, owó àtúnṣe tí M&O ń san á dín kù. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ ká bi ISD kí a tó dìbò ni pé: èló ni yóò máa gbà lọ́dún lẹ́yìn tí a bá kọ́ ọ tán, ta ló sì máa san án? Láti 2019, òfin ti ní kí wọ́n ya pápá ìṣeré ńlá sọ́tọ̀ lórí ìwé ìdìbò. Ẹ lè gba kíláàsì, kí ẹ kọ pápá ìṣeré.

Ní oṣù Kọkànlá 2024, àwọn olùdìbò Houston kọ bond bílíọ̀nù 4.4 dọ́là. Ọ̀pọ̀ ló kọ ọ́ nítorí wọn ò fọkàn tán àwọn alákòóso tí ìpínlẹ̀ gbé wá sórí ISD ní 2023, ẹ̀tọ́ wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ ọ́ nítorí kí olùkọ́ lè rí owó gbà ti ṣe iṣẹ́ tí kò ní èrè. Ilé aṣòfin ń jókòó lọ́dún méjì méjì, láti oṣù Kìíní, fún ọjọ́ 140. Orúkọ aṣòfin àdúgbò yín wà níta, nọ́ńbà ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Òun ni kí ẹ bi pé ìgbà wo ni 6,215 yóò kúrò níbi tó wà.