Àtúnṣe: Kì í ṣe Ta-Nehisi Coates ló dá Black Panther sílẹ̀

Àwọn èèyàn ń pín in kiri pé Ta-Nehisi Coates, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ló dá Black Panther, akọni inú ìwé ìtàn alàwòrán, sílẹ̀ lọ́dún 2016, pé òun nìkan ló kọ ọ́, òun náà ló sì yàwòrán rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Stan Lee àti Jack Kirby ló mú Black Panther, ìyẹn T'Challa, ọba ìlú àròsọ Wakanda, jáde lọ́dún 1966, nínú ìwé alàwòrán Fantastic Four nọ́ńbà 52. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2016 ni pé ilé-iṣẹ́ Marvel, tó ń tẹ ìwé Black Panther jáde, tún un bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà kìíní, wọ́n sì gbé ìtàn rẹ̀ lé Coates lọ́wọ́.

Ìtàn ni Coates kọ, kò yàwòrán kankan níbẹ̀. Brian Stelfreeze ló yàwòrán apá mẹ́rin àkọ́kọ́ kí Chris Sprouse tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Laura Martin ló kùn wọ́n láwọ̀. Ó ń dùn mí bí wọ́n ṣe ń fo orúkọ Stelfreeze dá. Ìtàn ọba tí ará ìlú rẹ̀ dìde sí ni, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀ jù níbòmíì, lójú tèmi. Àwòrán ló ń gbé e dúró: òjìji dúdú kirikiri, ìdúró ara tó ń sọ bí ìbínú ṣe tó kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá fẹ́ yìn ín, ẹ dárúkọ gbogbo wọn.