Ẹ Kọ́ Àwọn Ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì Kí Ẹ Tó Fìyà Gẹ̀ẹ́sì Jẹ Wọ́n

Mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń darí ètò ẹ̀kọ́ wa: ọjọ́ wo gan-an ni ẹ kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ìjọba ní Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ fi ń jẹ wọ́n níyà pé wọn kò gbọ́ ọ?

Ọmọ tí wọ́n bí sí Ìtọ̀kú ní Abẹ́òkúta níbí, tí ìyá rẹ̀ ń ṣe àdìrẹ, tí bàbá rẹ̀ ń fi ọ̀kadà gbé èrò láti Láfẹ́nwá lọ sí Pánsẹ́kẹ́, Yorùbá ló ń gbọ́ láti àárọ̀ títí di ìgbà tí yóò sùn. Ó dé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó bá ọmọ tó lé ní ọgọ́ta nínú kíláàsì kan ṣoṣo, olùkọ́ kan ló wà níwájú wọn, ìwé kan ni ọmọ mẹ́rin jọ ń yọjú sí, gbogbo iṣẹ́ pátá, látorí ìṣirò dórí ẹ̀kọ́ ìlera, sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lójú pátákó. Kò sí ẹni tó fara balẹ̀ kọ́ ọ ní èdè náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n kàn gbà pé ó yẹ kó ti gbọ́ ọ. Ọmọ tó wà nílé ìwé aládàáni ní Òkè-Ìléwó ti ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu ìyá àti bàbá rẹ̀ kí ó tó mọ ìrìn. Síbẹ̀, ìbéèrè WAEC kan náà ni àwọn méjèèjì yóò dáhùn, kírẹ́dìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò sì béèrè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì. Ẹni tó bá pe èyí ní ìdọ́gba, kí ó wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

Ọmọ aládùúgbò mi kan wà ní kíláàsì kẹrin. Mo rí i nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ pé wọ́n ní kí ó pín ọsàn 24 fún ọmọ 6 lọ́gbọọgba. Ó kọ 30, olùkọ́ sì fi bírò pupa fa igi gàgàrà lé e lórí. Mo bi í ní ìbéèrè kan náà ní Yorùbá, n kò sì tíì panu dé tó fi ní, "Mẹ́rin mẹ́rin ni." Ó ń wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé òun ló ń bá ìyá rẹ̀ ta ẹ̀kọ ní ọjà Kútọ̀, kì í sì í ṣi ṣénjì fún oníbàárà. Ó rí 24, ó rí 6, kò mọ ohun tí wọ́n ní kí òun fi wọ́n ṣe, ló bá rò wọ́n pọ̀. Ohun tó wá jáde nínú káàdì àbájáde ìdánwò rẹ̀ ni pé kò mọ ìṣirò, kí ó tẹra mọ́ṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìyẹn náà, èmi ni ìyá rẹ̀ sì gbé e wá bá pé kí n bá òun kà á. Ta ni wọ́n kọ ọ́ sí, nígbà tí ẹni tó bí ọmọ kò lè kà á?

Bí ọmọ yìí bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì, yóò san ₦50 owó ìtanràn. Ní Abẹ́òkúta ni o, níbi tí Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, ti ń tẹ ìwé ìròyìn tó ń jẹ́ Ìwé Ìròhìn ní Yorùbá láti ọdún 1859! Olùkọ́ tó ń gba owó náà gan-an, bí iṣẹ́ bá ti le, Yorùbá ló máa ń bọ́ sí láti fi ṣàlàyé. N kò bá a wí fún ìyẹn. Ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọmọ yóò ti gbọ́ òun.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé a kò mọ ọ̀nà. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n ya Gẹ̀ẹ́sì sọ́tọ̀, tí wọ́n sì fi olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa sí ìdí rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti ọdún 1977 fọwọ́ sí èdè abínibí fún ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ìlànà ìjọba lórí èdè ti ọdún 2022 ní kí ó jẹ́ ọdún mẹ́fà gbáko, ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, fagi lé e, ó ní àwọn agbègbè tó di èdè abínibí mú ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ilé ìwé wo ló dì í mú níhìn-ín? Èmi kò tíì rí ìwé ìṣirò Yorùbá kan tí ìjọba pín fún ọmọ kankan ládùúgbò mi. Ohun tí a kò ṣe rí ni wọ́n wá ń dá lẹ́bi.

N kò kórìíra Gẹ̀ẹ́sì. Mo fẹ́ kí ọmọ ẹlẹ́kọ sọ ọ́ kó dán mọ́nrán ju ti ọmọ kọmíṣọ́nnà lọ, ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi pé lẹ́yìn tí ilé ìwé bá ti parí, nínú lẹ́sìnnì tí wọ́n ń gba owó fún, ni wọ́n ń kọ́ èyí tó jọ ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gidi, tí ọmọ tí kò rówó san yóò sì gbé báàgì rẹ̀ lọ sílé. Kí wọ́n fagi lé owó ìtanràn yẹn. Kí wọ́n jẹ́ kí olùkọ́ fi Yorùbá ṣàlàyé iṣẹ́ ní gbangba, láìsí pé ó ń wẹ̀yìn wò bóyá ọ̀gá ń bọ̀. Ẹni tó bá sì máa wá láti ọ́fíìsì ìjọba ní Òkè-Mósàn sí ìpàdé òbí àti olùkọ́ ní sáà tó ń bọ̀, kí ó má wulẹ̀ ka ọ̀rọ̀ gígùn sí wa létí: iye olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbà sí àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú yìí, àti ọjọ́ tí wọn yóò wọ kíláàsì, ni kí ó sọ fún wa.